Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Kí Ló Wà Nínú Mílíọ̀nù Kan Tí Náírà Kan Fi Ń Ṣẹ́kù?

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín mẹ́ta nínú àwọn èèyàn wa níbí ní Enugu lóṣù tó kọjá kì í ṣe ìjà owó ńlá. Ìjà náírà kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n náírà kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ akápò wa jẹ́, ẹni tí a ti ń gbé owó fún láti ọdún yìí wá tí kọ́bọ̀ kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dá owó, wọ́n fi kó ọkọ̀ èlùbọ́ kan wá láti ìhà Ṣakí. Ẹni kìíní mú 500,000 náírà wá, ẹnì kejì mú 1,000,000, ẹnì kẹta mú 2,000,000. Tí a bá pe owó ẹni kìíní ní ìpín kan, ti ẹnì kejì á jẹ́ ìpín méjì, ti ẹnì kẹta á jẹ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ ìpín méje. Ọjà tà. Wọ́n yọ owó ọkọ̀, wọ́n yọ owó alábàárù àti owó ṣọ́ọ̀bù, èrè tó kù jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà géérégé. Wọ́n ní kí akápò bá wọn pín in, torí pé òun kò sí nínú òwò náà.

Akápò fi fóònù ṣe ìṣirò rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: ẹni kìíní, 142,857 náírà. Ẹnì kejì, 285,714. Ẹnì kẹta, 571,428.

Ẹnì kejì yìí, ìyá kan tó ti ń tajà ní Ogbete kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ìlú yìí, wo ìwé náà títí. Ó ní, "Akápò, ẹ máa bọ̀ níbí. 1, 4, 2, 8, 5, 7 lẹ kọ fún ẹni àkọ́kọ́. Èyí tẹ́ ẹ kọ fún èmi, 2, 8, 5, 7, 1, 4. Ti ẹnì kẹta, 5, 7, 1, 4, 2, 8. Ṣebí nọ́ńbà kan náà lẹ kàn ń yí kiri?" Ẹnì kẹta náà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù tirẹ̀, ó rí 999,999. Ó ní, "Náírà kan dà?"

Ẹ wo bó ṣe rí. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni wọ́n tò lọ́nà mẹ́ta, owó kò tún pé. Ẹni tí kò bá mọ akápò wa tẹ́lẹ̀, kí ni yóò rò? Akápò fúnra rẹ̀ kò rí àlàyé ṣe ju pé bí fóònù ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Inú bí i, ó ní òun ò ṣe akápò mọ́, kí a wá gba ìwé wa.

A bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. A wá jókòó, a fi bírò àti ìwé ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kano, ní Jos, ní Port Harcourt àti níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti ń dá àjọ, torí pé bí ẹ bá ń pín mílíọ̀nù, ọjọ́ kan ni náírà kan á wọ́n nínú ìwé ẹ̀yin náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. "Mílíọ̀nù" tí à ń pè yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí lédè wọn kò ju "ẹgbẹ̀rún ńlá" lọ. Pé ó tóbi ni orúkọ yẹn sọ, kò sọ nǹkan míì. Àwa ti ní orúkọ tiwa fún un kí òyìnbó tó dé: àádọ́ta ọ̀kẹ́. Orúkọ tiwa yìí sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fetí sí i.

Ọ̀kẹ́ ni àpò. Àpò owó ẹyọ ni, èyí tí wọ́n ka 20,000 ẹyọ sínú rẹ̀. Látijọ́, tí wọ́n bá fẹ́ sin owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sin sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á so pọ̀ tó fi jẹ́ 2,000, ìyẹn ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló wá kún àpò kan. Ẹ bá wa rò ó: 40 lọ́nà 50 lọ́nà 10, ó jẹ́ 20,000. Ẹrù orí ènìyàn kan gidi ni, àádọ́ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù kan. Bí àwọn èèyàn ìgbà yẹn bá sọ pé àádọ́ta ọ̀kẹ́, àádọ́ta alábàárù tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà ni wọ́n ń rí. Àwa lónìí, bí a bá gbọ́ mílíọ̀nù, aláàátì lórí fóònù la máa ń rí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á náà dára láti mọ̀. Adolphus Mann, ajíhìnrere kan tó gbé Ìjàyè nígbà kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bó ṣe jẹ́. Wọ́n á da àpò owó ẹyọ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ tì í, á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Tó bá ti fa márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ti pé nìyẹn. Tó bá rí ọgọ́rùn-ún méjì, á gbá a pọ̀, ó di igba. Igba lórí igba bẹ́ẹ̀ títí. Ìdí nìyẹn tí igba fi jẹ́ òpó nínú kíka owó wa: ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba márùn-ún, ẹgbàá jẹ́ igba mẹ́wàá. Tí ẹnì kan bá lè fa márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìsinmi, wákàtí márùnléláàádọ́ta ó lé díẹ̀ ni yóò fi ka àádọ́ta ọ̀kẹ́. Tó bá wá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń kà, ọjọ́ 11, wákàtí 13, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ni, kò gbọdọ̀ sùn, kò gbọdọ̀ jẹun.

Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, tí a bá mú mẹ́wàá kúrò, àádọ́ta ló kù. Ẹ ò rí i pé tí baba wa kan bá pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ báyìí, ó ti ṣe ìsọdipúpọ̀, ó ti ṣe ìyọkúrò, ó tún ti ṣe ìsọdipúpọ̀ míì, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì pa dé.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ síbí, torí pé ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí láàárín wa. Lẹ́tà kan ti ilé wá nígbà kan pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá wá fún iṣẹ́ ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìpàdé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ni, wọ́n ní ilé fẹ́ pa wá. Bàbá àgbà kan ní ẹ̀yin ọmọ yìí ò gbọ́n, ẹgbàá náírà ni, torí pé igba náírà ni wọ́n ń pè ní àpò kan lọ́jà nígbà tiwọn. Kò purọ́ o. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n ń pè ní àpò kan, nígbà tí a sì yí owó padà sí náírà ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan wá di igba náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ lẹ́tà, ọ̀kẹ́ tòótọ́ ló ní lọ́kàn: 20,000 lọ́nà 10, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá jẹ́ 200,000 náírà. Láàárín 2,000, 200,000 àti 10,000,000, ìpàdé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lọ́jọ́ yẹn. Ká má wulẹ̀ fi gígùn ṣe: ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ máa kọ fígọ̀ ti ọ̀rọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí mílíọ̀nù wa, ká tú u wò bí ẹni tú ẹrù.

Ogójì tó wà lórí okùn kan, tí a bá fọ́ ọ títí tí kò ṣeé fọ́ mọ́, 2 mẹ́ta àti 5 kan ló wà nínú rẹ̀: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 5. Àádọ́ta okùn tí wọ́n so pọ̀, 2 kan àti 5 méjì. Mẹ́wàá tó kún àpò, 2 kan àti 5 kan. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Ká wá fi àádọ́ta ti àádọ́ta ọ̀kẹ́ kún un, tí òun náà ní 2 kan àti 5 méjì. Gbogbo rẹ̀ wá di 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà. Ohun tó wà nínú mílíọ̀nù nìyẹn, kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Kò sí 3, kò sí 7, kò sí 11.

Ẹni tó bá ti mọ èyí, ó ti mọ ẹni tó lè pín mílíọ̀nù láìsí ìyókù àti ẹni tí kò lè pín in. Ẹ mú iye èèyàn tó fẹ́ pín owó, ẹ fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ 2 àti 5 nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí 2 kò ju mẹ́fà lọ, tí 5 náà kò ju mẹ́fà lọ, owó á pín dọ́gba. Èèyàn 32, olúkúlùkù á gba 31,250. Èèyàn 40, 25,000. Èèyàn 80, 12,500. Èèyàn 64 ló dùn mọ́ wa jù: 64 kó gbogbo 2 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ló bá fi 5 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ fún ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15,625 náírà. Nínú 64 àti 15,625, ẹyọ òdo kan kò sí, ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀, òdo mẹ́fà ló máa tò sílẹ̀. Tí ẹ bá di 128, 2 ti di méje nìyẹn, ó ti ju ohun tó wà nínú àpò lọ. Ẹ máa rí kọ́bọ̀: 7,812 náírà àti 50 kọ́bọ̀.

Torí ẹ̀ náà ni kò fi sí owó bébà Nàìjíríà kan tí kò lè ka mílíọ̀nù pé. Náírà 5, 10, 20, 50, 100, 200, 500 àti 1,000, gbogbo wọn, 2 àti 5 nìkan ló wà nínú wọn. Àti pé, tí ẹnì kan bá gbé mílíọ̀nù kan wá ní náírà àádọ́ta-àádọ́ta, bébà mélòó ni yóò jẹ́? 20,000 géérégé. Ọ̀kẹ́ kan. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ló tún yíjú padà yẹn, tó di ọ̀kẹ́ àádọ́ta. (Ẹni tó bá gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, a máa bẹ̀ ẹ́ kó lọ bá àwọn báńkì.)

Nọ́ńbà mélòó ló lè pín mílíọ̀nù láìsí ìyókù, tí a bá ka gbogbo wọn? 49 ni. Kì í ṣe pé a jókòó ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ lè má mú 2 kankan, ẹ lè mú ẹyọ kan, méjì, títí dé mẹ́fà: ọ̀nà méje nìyẹn. Bákan náà ni 5: ọ̀nà méje. Méje lọ́nà méje, 49. Àwọn nọ́ńbà yìí ń rìn ní méjì-méjì bíi tọkọtaya: 2 pẹ̀lú 500,000, 4 pẹ̀lú 250,000, 8 pẹ̀lú 125,000, 50 pẹ̀lú 20,000. Ó wá yẹ kí wọ́n pé ní méjì-méjì, àbí? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ 49? Ẹnì kan ló dá dúró láàárín wọn, 1,000 ni. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀, torí pé 1,000 lọ́nà 1,000 jẹ́ mílíọ̀nù.

Àwọn ọmọ Ìgbò tí a jọ ń tajà náà ní ọ̀nà tiwọn. Látijọ́, ogún ni wọ́n fi ń kà bíi tiwa. Ogún ni ọgụ, ogún lọ́nà ogún, ìyẹn irinwó, ni nnu. Nnu lọ́nà nnu, tí wọ́n ń pè ní nnu kwuru nnu, jẹ́ 160,000. Nísinsìnyí, puku ni ẹgbẹ̀rún lẹ́nu wọn, nde ni mílíọ̀nù, èyí tí ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn baba wọn ka àádọ́ta ọ̀kẹ́ wò: nnu kwuru nnu mẹ́fà jẹ́ 960,000, ó ku 40,000, ìyẹn sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún nnu. Ó wọlé pátápátá, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Kò lè ṣẹ́kù, torí pé ogún ni ìpìlẹ̀ tiwọn àti tiwa, 2 àti 5 ló sì wà nínú ogún.

Ó dé orí ọ̀rọ̀ méje báyìí, ibi tí ìjà ti ṣẹ̀.

Méje kò sí nínú mílíọ̀nù, torí náà nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Èló ni? Orúkọ wa ló tún máa sọ fún wa. Ẹ kọ́kọ́ pín ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo sí ọ̀nà méje. Ìpín kọ̀ọ̀kan á mú 2,857. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 7, ẹ máa rí 19,999. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan ló ṣẹ́kù nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta àpò la ní, nítorí náà àádọ́ta ẹyọ ló ṣẹ́kù. Ẹ gbá àádọ́ta yẹn jọ, ẹ tún un pín sí méje: méje-méje ló kàn wọ́n, ó jẹ́ 49, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Ìpín kan wá jẹ́ àádọ́ta lọ́nà 2,857, ìyẹn 142,850, pẹ̀lú 7 tó dé kẹ́yìn: 142,857. Náírà kan ṣẹ́kù, akápò kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Kì í ṣe méje nìkan o. Ẹ pín mílíọ̀nù sí 3, náírà kan á ṣẹ́kù. Sí 9, náírà kan. Sí 11, sí 13, sí 21, sí 27, sí 37, náírà kan náà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹ bá mú ẹyọ kan kúrò nínú mílíọ̀nù, 999,999 ló kù, nínú ìyẹn ni 3 mẹ́ta, 7 kan, 11 kan, 13 kan àti 37 kan wà. Ẹgbẹ́ tí iye rẹ̀ bá lè pín 999,999 géérégé, náírà kan ni yóò máa ṣẹ́kù fún un títí ayé. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 12 kò sí nínú wọn, náírà mẹ́rin ló máa ṣẹ́kù fún tiwọn, 17 á ṣẹ́ ku mẹ́sàn-án.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ owó bá ti sú, kó fi ọjọ́ rò ó. Ọjọ́ ọjà àwọn ọmọ Ìgbò jẹ́ mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ, Nkwọ, bíi ti ọjọ́ ọjà àwa náà nílé. Tí òní bá jẹ́ Nkwọ, mílíọ̀nù kan ọjọ́ sí òní, Nkwọ náà ni, torí pé 4 wọ inú mílíọ̀nù dáadáa. Ṣùgbọ́n tí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, mílíọ̀nù kan ọjọ́ sí òní á jẹ́ Túsìdeè. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù yẹn, òun náà ni náírà kan tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ akápò.

Ó ku ẹ̀sùn ìyá wa, pé nọ́ńbà kan náà ni akápò ń yí kiri. Èyí gan-an ló gbà wá lákòókò jù. Àwa náà kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ti bàjẹ́.

Ẹ mú bírò, ẹ pín mílíọ̀nù sí méje bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Ẹ gbé 10 wò: 7 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ku 3. Ẹ fa òdo wálẹ̀, ó di 30: 7 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 2. Ó di 20: lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 6. Ó di 60: lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ku 4. Ó di 40: lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ku 5. Ó di 50: lẹ́ẹ̀meje, ó ku 1. Ẹ ka àwọn tó wọ̀ ọ́ láti òkè wá: 1, 4, 2, 8, 5, 7. Ẹ wá wo àwọn tó kù: 3, 2, 6, 4, 5, 1. Gbogbo ohun tó lè kù tí a bá fi méje pín nǹkan nìyẹn, láti ẹyọ kan dé mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹyọ kan, náà la padà sí. Tí a bá tún fa òdo wálẹ̀, 10 náà ló tún máa dé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ yíyípo.

Ó dà bí èèyàn mẹ́fà tó jókòó yí àwo ká. Ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó kìíní. Ìyá wa, tí ìpín rẹ̀ jẹ́ méjì, láti orí 20 ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìjókòó kẹta nìyẹn: 2, 8, 5, 7, kó tó wá yípo dé 1, 4. Ẹnì kẹta, tí ìpín rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ láti orí 40: 5, 7, 1, 4, 2, 8. Àwọn mẹ́fà kan náà ni, wọn kò dìde, wọn kò pààrọ̀ ìjókòó. Ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ìpín mẹ́ta ni, 428,571 ni ì bá jẹ́. Márùn-ún, 714,285. Mẹ́fà, 857,142. Tó bá wá jẹ́ méje, gbogbo wọn á di 9: 999,999.

Èyí kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ń ṣe é. Ẹ pín mílíọ̀nù sí 3, 333,333 ni, kò sí yíyípo kankan níbẹ̀ tó lè ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ pín in sí 13, 76,923 ni. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 153,846, nọ́ńbà tuntun ló wọlé dé yẹn. Nínú àwọn nọ́ńbà kéékèèké, láti 2 dé 10, méje nìkan ló ní ìwà yìí. Ó sì wá jẹ́ pé 1, 2 àti 4 ni àwọn èèyàn wa fi dá owó èlùbọ́, tí wọ́n fi bọ́ sórí méje. Ká ní ìpín márùn-ún tàbí mẹ́jọ ni, kò sẹ́ni tí ì bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ṣe àlàyé yìí tán lórí ìwé, ìyá wa gba bírò lọ́wọ́ wa, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀ láti 20 wálẹ̀. Ó dé ibi 4 tó kẹ́yìn, ó ní, "Kẹ̀, òótọ́ ni." Ó kọjú sí akápò, ó ní kó má bínú sí òun. Akápò dáhùn pé kò sí ìbínú, Mà. A wá ní kó kọ ìlà kẹrin sínú ìwé: ìyókù, náírà 1. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1,000,000, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bu ọwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó ní náírà kan yẹn, owó àwọn ni, kí a pín in. Ẹ̀rín pa wá, àmọ́ a pín in: ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sí ìpín méje. Ẹni kìíní gba kọ́bọ̀ 14, ìyá wa gba 28, ẹnì kẹta gba 57. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 99, kọ́bọ̀ kan ṣẹ́kù. Ìyá wa ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ́ka sí i lórí ìwé, ó kà á sókè: 14, 28, 57. Ó ní àwọn mẹ́fà yẹn náà ló tún dé, kí wọ́n bá òun fi kọ́bọ̀ tó kù sílẹ̀ fún akápò.

Akápò ṣì wà nípò rẹ̀.